Ọmọ méjì, yunifọ́ọ̀mù kan

Inú rẹ́jísítà ni ọ̀rọ̀ yìí fara pamọ́ sí títí sáà kan fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìlà kan wà ní Kíláàsì 3A, èkejì wà ní 3B. Ẹni tó bá wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ ìsáǹsá méjì ló máa rí: òní ó wá, ọ̀la òdo, ọ̀tunla ó tún wá. Tíṣà 3A ti na tiẹ̀, tíṣà 3B náà ti na tiẹ̀. Ọjọ́ tí a tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú ara wọn lórí tábìlì ni a tó rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ méjèèjì jọ wá sí skúùlù.

Ìbejì ni wọ́n, obìnrin méjèèjì. Táyé àti Kẹ́hìndé ni màá máa pè wọ́n, mi ò sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni, torí kò sí àdúgbò tí kò ní tiẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ni, ní ìlú kan tí kò tóbi púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èmi ni igbákejì HM nígbà náà. Ọwọ́ mi wà nínú gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, méjì nínú wọn sì jẹ́ àbá tèmi gan-an. Ẹ̀yin HM, ẹ̀yin alága PTA, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀ pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ fún.

Bó ṣe wà kó tó dàrú

Ẹni tí kò gbé Ọ̀ṣun lè má mọ ìdí tí yunifọ́ọ̀mù fi di ọ̀rọ̀ ńlá lọ́dọ̀ wa. Ní 2013, nígbà tí Ràúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, ìjọba sọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ilé-ìwé ìjọba di ọ̀kan náà káàkiri ìpínlẹ̀. Ní 2020, ìjọba Gbóyèga Oyètọ́lá dá a padà: kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gba orúkọ àti aṣọ rẹ̀ àtijọ́. Mi ò fẹ́ wọ inú òṣèlú rẹ̀. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó yọ̀ bí ọmọdé nígbà tó tún fojú kan àwọ̀ tí òun alára wọ̀ ní kékeré, mi ò sì lè bá a jiyàn.

Ohun tó kan èmi tíṣà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ àjogúnwọ̀. Nígbà tí aṣọ jẹ́ ọ̀kan, ọmọ tó wà ní Ìwó lè dàgbà ju pínáfọ̀ rẹ̀ lọ, kí ìyá rẹ̀ fọ̀ ọ́, kó dì í ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ẹdẹ tàbí Ìkìrun. Bí aṣọ ṣe tún di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà yẹn dí. Tiwa jẹ́ pínáfọ̀ búlúù tó ṣú, pẹ̀lú bíláòsì ṣẹ́ẹ̀kì. Ilé-ìwé tó kángun sí wa, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ni tiwọn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kó kúrò ní àdúgbò kan lọ sí òmíràn, aṣọ rẹ̀ ti di àkísà lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ṣì ń dán.

Àwọn ìbejì wa ti jogún aṣọ ti ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ẹyọ méjì, kálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Skúùlù wa fàyè gba aṣọ yẹn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yí i padà, torí Kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà kìíní ọdún 2021/2022 wọlé, HM wa dá ọjọ́. Ó ní tó bá ti di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí kò bá wọ aṣọ tuntun, kó padà sílé. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Bí àwọn alábẹ̀wò bá dé, ojú wọn kì í kọ́kọ́ lọ sórí ìwé ọmọ; tò tí kò dọ́gba ni wọ́n máa ń rí, HM ló sì máa wí tẹnu rẹ̀.

Aṣọ kan pẹ̀lú owó ìránṣọ ń lọ sí ₦3,500 lọ́dọ̀ ìyá télọ̀ tó wà lẹ́nu géètì wa. Ìyá Ìbejì ń bó pákí níbi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí. Iye agbọ̀n tó bá bó ni iye tó máa gbà. Ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Oǹdó, ó ń ṣe àgbàro nínú oko kòkó, kì í wálé ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Obìnrin náà rí ₦3,500 kó jọ. Kò rí ₦7,000.

Ọjọ́ géètì

Lọ́jọ́ Ajé tí mò ń wí yìí, èmi ni mo dúró sẹ́nu géètì. Mo dá ọmọ 43 padà. Àwọn kan sunkún, àwọn kan dunnú pé ọjọ́ eré ti dé. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, 31 nínú wọn ti padà wá pẹ̀lú aṣọ tuntun, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn tí mo fún HM pé ètò náà yọrí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí nípa àwọn 12 tó kù. Èmi náà ò bi ara mi.

Táyé àti Kẹ́hìndé wà nínú 31 yẹn. Tíṣà 3A rí tiẹ̀ nínú aṣọ tuntun, ó fa igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà 3B rí tiẹ̀ náà, ó fa igi tirẹ̀. Aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì rí.

Ẹ lè béèrè pé kí ló gbé ìbejì sí kíláàsì ọ̀tọ̀. Àbá mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní Kíláàsì 3, tíṣà wọn ti tẹ́lẹ̀ ní wọ́n máa ń wo iṣẹ́ ara wọn, mo ní kí a pín wọn. Bí wọ́n bá wà ní yàrá kan náà ni, ọjọ́ mẹ́ta ni tíṣà ì bá fi mọ ohun tó ń lọ. Ọwọ́ ara wa la fi kọ́ ògiri tí a ò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pa ọjọ́ jẹ, ìyà bẹ̀rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ lórí àsẹ́ńbílì, ẹgba mẹ́ta mẹ́ta, gbígbálẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì. Kò sí èyí tó yí ohunkóhun padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á gba èyí tó wà lọ́wọ́. Ibi tó ti gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ò yé mi, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí wọ́n ti dá ọmọ rẹ̀ padà ní géètì, kí ni skúùlù ò lè ṣe?

A kọ létà sí òbí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Sí obìnrin tí kò kàwé. Kẹ́hìndé ló kà á fún ìyá rẹ̀, mo sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé ohun tó kà jáde ni pé HM ń kí wọn, ó ní kí wọ́n kú iṣẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kó là wá lójú. Lọ́jọ́ tí oúnjẹ ọ̀sán tí ìjọba ń fún Kíláàsì 1 sí 3 nígbà náà bá wá, èyíkéyìí nínú wọn tó bá wà ní skúùlù kì í jẹ tiẹ̀ tán. Á jẹ ìdajì, á di ìdajì tó kù sínú ọ̀rá, á fi í sábẹ́ ìwé nínú báàgì. Tíṣà 3B bá a lọ́wọ́ kan, ó pè é ní wọ̀bìà lójú gbogbo kíláàsì. Èmi wà ní kọ́rídọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá. Oúnjẹ èkejì rẹ̀ ló ń dì.

Ìwé méjì lórí tábìlì kan

Ní ìparí sáà, àwọn tíṣà a máa kó rẹ́jísítà wá sí ọ́fíìsì mi kí a lè ṣírò iye ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. Iṣẹ́ tó ń sú èèyàn ni, torí náà ẹnu máa ń pọ̀ níbẹ̀. Tíṣà 3A ní tòun nínú àwọn ìbejì yẹn ló ya pòkíì jù. Tíṣà 3B ní kó lọ jókòó, pé tòun ló burú. Wọ́n gbé ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi ẹ̀rí hàn.

Agùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, ọmọdébìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló na ọwọ́ sí i. Igi níbí, òdo lọ́hùn-ún. Òdo níbí, igi lọ́hùn-ún, láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni ń hun ẹní. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe ọmọ kan náà lẹ̀ ń kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?” Ohun tó tún jọ mí lójú ju ni pé ọ̀sẹ̀ tí Táyé bá ti wá lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, Kẹ́hìndé ló máa ń ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan jókòó nílé, ó pín in dọ́gbadọ́gba.

A ránṣẹ́ pe ọmọ tó wà ní skúùlù lọ́jọ́ yẹn. Kẹ́hìndé ni. HM bi í pé èkejì rẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà wolẹ̀ títí, ó wá wò wá bí àgbà tó jẹ́, ó ní, “Òní ni tèmi. Ọ̀la ni ti Táyé.”

Mi ò ní purọ́, ẹkún ni tíṣà 3B sun, torí wọ̀bìà tó pè é.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí a nílò láti mọ òótọ́ ti wà lọ́wọ́ wa láti ọ̀sẹ̀ kẹrin sáà. A ò nílò owó, a ò nílò alábẹ̀wò. A kàn nílò kí ẹnì kan ka rẹ́jísítà ọmọ ìyá kan náà pọ̀, dípò kíláàsì kan náà. Láti ọdún yẹn ni mo ti ní ìwé kékeré kan tí mo to orúkọ àwọn ọmọ sí ní ilé-ní-ilé. Ọjọ́ Ẹtì kejì-kejì ni mo máa ń wò ó, kì í gbà ju wákàtí kan lọ. Ó ti bá mi rí ilé mẹ́ta mìíràn. Nínú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ló ń dúró ti àbúrò tó ń ṣàìsàn lọ́jọ́ ọjà. Aṣọ ò tilẹ̀ sí nínú tiwọn.

Àṣìṣe tó ju ti géètì lọ

Àbá mi kejì rèé. Mo ní kí àwa tíṣà dáwó, kí a rán aṣọ kejì. Àwa mẹ́fà la dá a, kò pé ọjọ́ méjì. Mo ra aṣọ fúnra mi, a gbé e fún télọ̀ kan ní ìlú kejì torí pé ó yá ju ti ẹnu géètì lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ sáà kejì, lórí àsẹ́ńbílì, a pe àwọn méjèèjì jáde. Alága PTA wá. Ó fi aṣọ náà lé Táyé lọ́wọ́, a pàtẹ́wọ́, ẹnì kan fi fóònù ya fọ́tò. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní kí ojú má ṣe ti ọmọ tí kò ní, kí ó sọ fún wa. Mo gbà pé mo sọ̀rọ̀ tó dára gan-an.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn méjèèjì jọ wọlé. Inú mi dùn débi pé mo lọ dúró lójú fèrèsé kíláàsì wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jọ wá. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí Táyé, kò sí Kẹ́hìndé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, òdo. A ti gba ìdajì ọmọ lọ́wọ́ skúùlù tẹ́lẹ̀. Ní báyìí a ti lé odidi méjì.

Àwọn ọmọdé ti sọ wọ́n lórúkọ. Sàráà. Sàráà Kìíní àti Sàráà Kejì. Wọ́n ń fi kọrin lójú ọ̀nà odò. Aṣọ tí mo rà sì tún dá kún un: búlúù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò kà á sí nígbà tí mò ń rà á. Ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í fojú fo irú ẹ̀. Ẹni tó bá wọ èyí tó mọ́lẹ̀ ni Sàráà lọ́jọ́ náà, àwọn ìbejì tí kò jà rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárọ̀ lórí ẹni tí kò ní wọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà wọn ló gbé aṣọ náà padà wá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n dì í sínú ọ̀rá mímọ́. Ó kúnlẹ̀ kí HM, HM náà sáré kúnlẹ̀ torí ó bí i lọ́mọ. Ìyá yìí kò bú wa. Ó ní a ṣeun, ó ní Ọlọ́run á san án. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

“Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ̀jìrẹ́ ló wọlé alákìísà, tó sọ alákìísà di onígba aṣọ. Ibo lẹ ti rí i pé wọ́n pe Ẹ̀jìrẹ́ jáde níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ ta á lọ́rẹ bí ẹlẹ́bẹ̀?”

HM fèsì pé ṣebí ìyá ìbejì a máa gbé ọmọ rẹ̀ jó kiri ọjà, tí àwọn èèyàn á sì fún un lówó. Ìbéèrè rere ni, èmi náà ti fẹ́ bi í. Ìyá àgbà ní, “A gbé àwọn yìí jó. Èmi ni mo pọn Kẹ́hìndé. Ẹni tó bá fún Ẹ̀jìrẹ́ lówó lọ́jà, òun ló ń wá ire lọ́dọ̀ wọn, òun ló máa ń dúpẹ́. Níbí, àwọn lẹ ní kí wọ́n dúpẹ́.”

Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó lọ.

Mo ti ka ìwé lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé, mo ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó là mí lójú tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìdí tí yunifọ́ọ̀mù fi wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí a má lè fojú mọ ọmọ ẹni tó bó pákí yàtọ̀ sí ọmọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo fi yunifọ́ọ̀mù kan náà kọ ọ́ sí wọn lára.

Ìyá télọ̀

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá ìyá télọ̀ ẹnu géètì. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó sì ń bínú pé a gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọ̀, ó ní, “Ẹ ò bi mí rí, tíṣà.” Ìyá Ìbejì ti wá bá a lẹ́ẹ̀mẹta kí sáà kìíní tó wọlé. Ó fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ náà kọ̀ fún un, torí gbèsè àwọn òbí mìíràn ti wà nínú ìwé rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Ó ṣí i fún mi. Mo rí orúkọ àwọn tí mo dá ọmọ wọn padà ní géètì. Mo tún rí orúkọ ẹnì kan nínú àwọn aláṣẹ PTA wa.

Ohun tí a wá ṣe kò le. Alága PTA (ó ti ń wá bó ṣe máa tún ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ṣe) yá ẹgbẹ́ lówó, ìyá télọ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí ọjà ní Òṣogbo, ó ra aṣọ náà ní ìdì. Bí aṣọ ṣe di ti ìdì, iye tí ẹyọ kan ń gba bọ́ láti ₦3,500 sí ₦2,600 pẹ̀lú ìránṣọ. Fún Ìyá Ìbejì, ẹyọ méjì jẹ́ ₦5,200. Ó ń san ₦200 lọ́jọ́ ọjà, ọjà wa sì jẹ́ ọrọọrún. Ọjà 26 ló fi san án tán, kò fo ẹyọ kan.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó mú un ṣiṣẹ́ ló yẹ kí n sọ, torí mo ti rí ilé-ìwé méjì tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀ tí kò gún. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni owó ń lọ. Tíṣà kankan ò fọwọ́ kàn án, kò sí orúkọ onígbèsè kankan lára ògiri ọ́fíìsì. Inú ìdì kan náà ni wọ́n ti gé aṣọ àwọn ìbejì, lọ́jọ́ kan náà, lójú ìyá wọn. Ìṣẹ́tí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń ga. A yọ báàjì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ sí àyà kúrò pátápátá, torí owó ni, kò sì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. HM wá gbà pé a ò ní dá ọmọ padà ní géètì nítorí aṣọ mọ́. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá pé, kó wọlé, kó jókòó, òbí ni a máa bá sọ̀rọ̀, lẹ́nu, ní Yorùbá. Èyí ló le jù fún un. Ó ní tò wa máa dàrú. Ó dàrú lóòótọ́, fún bí oṣù méjì.

Mo tún dá àwọn ìbejì padà sí kíláàsì kan náà. Wọ́n ṣì ń wo iṣẹ́ ara wọn.

Ti aṣọ tí ìyá àgbà dá padà ńkọ́? Ìyá télọ̀ gbé e sínú àpótí kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí òbí tí aṣọ ọmọ rẹ̀ bá ti kéré mú un wá, kó gbé èyí tó tóbi lọ, kó kàn san owó àtúnṣe. Mo bẹ̀rù pé orúkọ burúkú yẹn á tún bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀, torí pé pàṣípààrọ̀ ni, gbogbo èèyàn ló ń mú wá, gbogbo èèyàn ló ń gbé lọ. Ọmọ tèmi ì bá ti kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ilé-ìwé aládàáni lọmọ mi wà (ẹ má bínú, mo mọ ohun tí ẹ ń rò). Ọmọ-ọmọ alága PTA ló kọ́kọ́ gbé aṣọ nínú àpótí yẹn. Èyí tó mọ́lẹ̀ yẹn ló gbé. Kò sẹ́ni tó pè é ní Sàráà.

Ìpàdé oṣù Kẹfà

Àwọn 12 tí mi ò béèrè wọn ló kù. A pe ìpàdé PTA lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹfà 2022 kí a lè sọ ètò télọ̀ di ti gbogbo skúùlù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 17 oṣù náà ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ híjáàbù ti ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí àwọn adájọ́ márùn-ún nínú méje fi gbà pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè fi híjáàbù kún yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ yunifọ́ọ̀mù báyìí, ọ̀rọ̀ ti di ti híjáàbù. Wákàtí kan àti ààbọ̀. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ híjáàbù kò ṣe pàtàkì. Ọmọ mélòó kan lọ́dọ̀ wa ló kàn. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí: àwọn tó ń pariwo jù nínú ìpàdé yẹn, lọ́tùn-ún lósì, ọmọ wọn ní aṣọ méjì méjì. Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́yìn, kò la ẹnu. Ìwé ìpàdé wa ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí mo tún kà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá kan ní kí ló dé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó, ṣebí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, oúnjẹ ọ̀sán. Aṣọ kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá fi dandan lé aṣọ, òun ló ń bu owó lé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ HM, ì báà jẹ́ ìpàdé òbí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Kí ó tó tutù ni a dìbò, ètò télọ̀ sì wọlé.

Nínú àwọn 12, méje padà kí sáà kẹta tó parí. Mẹ́ta ti lọ sí ilé-ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, níbi tí aṣọ ẹ̀gbọ́n wọn bá mu. Ọ̀kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Ọ̀kan, a ò rí ilé wọn mọ́. Àwọn aládùúgbò ní òru ni wọ́n kó lọ. Mo ṣì ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kékeré mi.

Ní sáà kẹta, ọjọ́ mẹ́rin ni Táyé pa jẹ, Kẹ́hìndé pa mẹ́ta jẹ. Ibà ni.

Bàtà

Nínú ìpàdé yẹn kan náà, bàbá àgbà kan dìde lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti fẹ́ tán. Ó ní òun wà nínú àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955. Ó ní ẹsẹ̀ lásán ni àwọn fi lọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ìtàn àtijọ́ ló fẹ́ sọ, alága sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí ohun tí èmi rí lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Táyé wọ sáńdà dúdú, Kẹ́hìndé wọ sílípáàsì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kẹ́hìndé ló wọ sáńdà. Ọjọ́rú, Táyé. Mo dúró sẹ́nu géètì fún ọ̀sẹ̀ kan láti rí i dájú. Sáńdà kan náà ni, ọ̀kan nínú ìdè rẹ̀ ti já, wọ́n fi okùn dúdú so ó.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni jáde. Mo gbé ìwé òfin skúùlù wa lọ bá HM, mo ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n kọ “sáńdà dúdú àti sọ́ọ̀sì funfun” sí, mo sì na bírò sí i. Ó wo ìwé, ó wo èmi, ó ní àwọn alábẹ̀wò ńkọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Ó fa igi lé e, ó buwọ́ lù ú, ó sì bi mí pé ta ló tún kù nínú ìwé kékeré mi.